Ọgbọ́n Ìyíniléròpadà Nínú Àríyànjiyàn Lórí Iṣẹ́ Ológun Ọ̀ranyàn

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àyẹ̀wò ọgbọ́n tí àwọn ìjọba àti àwọn alátìlẹyìn wọn ń lò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí àwùjọ fara mọ́ iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn. Ilẹ̀ Bìrìtéènì, Amẹ́ríkà, Ọsirélíà àti Ọ́síríà ni ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ inú rẹ̀ ti wá. Àyẹ̀wò náà fi hàn pé ibi tí ó ṣòro jù láti fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ nínú àríyànjiyàn yìí, èyíinì ni ẹ̀tọ́ ìjọba láti fi ipá múni, ni àwọn olùsọ̀rọ̀ kì í fẹ́ dúró lé lórí. Ìtìjú, ìlérí, orúkọ àti bí wọ́n ṣe gbé ìbéèrè kalẹ̀ ni wọ́n máa ń fi dí àlàfo náà. Àpilẹ̀kọ náà parí pẹ̀lú àbá fún àwọn tí yóò kọ́ni ní àròkọ alárìíyànjiyàn.

1.0 Ìfáàrà

Àròkọ alárìíyànjiyàn kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá. Láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ọmọ ti ń gbọ́ orí-ọ̀rọ̀ bíi 'Iṣẹ́ olùkọ́ dára ju iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ' tàbí 'Ìgbé-ayé ìlú ńlá sàn ju ti abúlé lọ'. Nínú ọ̀pọ̀ irú orí-ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò pàdánù. Bí agogo bá ti lù, àríyànjiyàn parí, oníkálùkù a sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Àríyànjiyàn lórí iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn ni ètò tí òfin fi ń pàṣẹ pé kí àwọn tí ọjọ́ orí wọn tó iye kan wọ iṣẹ́ ológun fún ìgbà kan, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọn kò fẹ́, tí ìjìyà sì wà fún ẹni tí ó bá kọ̀. Bí ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ ẹ bá borí, ọmọ ọdún 18 lè fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, kí ó gbé ìbọn, kí ó má sì padà wá mọ́. Àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ jù nínú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ àwọn tí yóò gbé ìbọn náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe tọ́ kí àwọn tí yóò kọ́ ọ̀dọ́ ní ọgbọ́n àríyànjiyàn mọ bí èdè ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí.

2.0 Òpó Mẹ́ta Ìyíniléròpadà àti Àtẹ̀gùn Mẹ́ta Ìrònú

Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gíríìkì tí ó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi, ṣàlàyé pé ohun mẹ́ta ni ó ń mú kí ọ̀rọ̀ wọ olùgbọ́ lọ́kàn. Èkíní ni irú ènìyàn tí olùsọ̀rọ̀ jẹ́ lójú àwùjọ. Èkejì ni ìmọ̀lára olùgbọ́: ìbẹ̀rù, àánú, ìbínú tàbí ìtìjú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rí àti ìrònú inú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ìmọ̀ yìí kò jìnnà sí ti Yorùbá. Bí àgbà bá dìde láti pẹ̀tù sí aáwọ̀, àwọn ènìyàn a kọ́kọ́ wo ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ a tu ọkàn wọn lára, kí wọ́n tó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Ní ti ìrònú, àtẹ̀gùn mẹ́ta ni ẹni tí ó fẹ́ iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn gbọ́dọ̀ gùn:

(i) Ewu ń bẹ, ìlú sì nílò ààbò.
(ii) Ọmọ ìlú jẹ ìlú ní gbèsè ìrànlọ́wọ́.
(iii) Nítorí náà, ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti fi òfin àti ìjìyà mú ẹni tí kò fẹ́.

Ẹni tí ó gba (i) àti (ii) gbọ́ kò tíì gba (iii). Ènìyàn lè gbà pé ó yẹ kí ọmọ tọ́jú òbí rẹ̀, kí ó má sì gbà pé kí ọlọ́pàá wá mú ọmọ tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Àlàfo wà láàárín 'ó yẹ' àti 'ó di dandan'. Àwọn ọgbọ́n tí àpilẹ̀kọ yìí yóò tú palẹ̀ jẹ́ oríṣiríṣi ọ̀nà tí olùsọ̀rọ̀ fi ń fo àlàfo náà láìjẹ́ kí olùgbọ́ fura.

3.0 Àwọn Ọgbọ́n Ìyíniléròpadà

3.1 Lílo ìtìjú: Bìrìtéènì, 1914 sí 1915

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, Bìrìtéènì kò ní òfin iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn. Ẹni tí ó bá wù ni ó ń wọṣẹ́. Kí ènìyàn lè pọ̀, wọ́n ń lẹ ìwé ìpolongo mọ́ ògiri káàkiri ìlú. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn fi àwòrán Lord Kitchener, mínísítà ọ̀rọ̀ ogun, hàn bí ó ti na ìka sí ẹni tí ń wò ó. Òpó kìíní Aristotle ni èyí: akọni tí gbogbo ìlú mọ̀ ni ó ń pe ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Òmíràn jáde ní ọdún 1915. Nínú rẹ̀, bàbá kan jókòó nínú àga, ọmọbìnrin rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ọmọkùnrin rẹ̀ sì ń fi àwọn ológun kéékèèké ṣeré ní ilẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tí ó ṣe nígbà ogun ńlá náà. Ohun méjì ni ó yẹ fún àkíyèsí nínú èdè ìwé ìpolongo yìí. Èkíní, ogun kò tíì parí, síbẹ̀ ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ohun tí ó ti kọjá. Nípa bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé ẹni tí ń wò ó lọ sí ọjọ́ iwájú, wọ́n sì fi hàn án bí ojú yóò ṣe tì í. Èkejì, ìbéèrè náà kì í ṣe èyí tí ó ń wá èsì. Ìdákẹ́ bàbá náà ni èsì. Kò sí ẹ̀rí kankan níbẹ̀ pé ogun náà tọ́ tàbí pé kò tọ́.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni ó wà nídìí ìyẹ́ funfun, tí ó jẹ́ àmì ojo ní ilẹ̀ náà. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1914, ọ̀gágun ojú omi kan tí ń jẹ́ Charles Penrose Fitzgerald kó ọgbọ̀n obìnrin jọ ní ìlú Folkestone kí wọ́n lè máa fún ọkùnrin tí kò bá wọ aṣọ ológun ní ìyẹ́ náà ní gbangba. Àṣà náà tàn kálẹ̀. Yorùbá náà mọ agbára ìtìjú. Àwọn ni wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í wádìí kí ó tó dájọ́. Ọkùnrin tí ó ti fara gbọgbẹ́ lójú ogun tí ó sì bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀ lè gba ìyẹ́ funfun bí ẹni tí kò lọ rárá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1916, ìjọba ṣe báàjì onífàdákà fún àwọn tí ọgbẹ́ tàbí àìsàn ti lé kúrò nínú iṣẹ́ ológun. Wọ́n lè fi í sí aṣọ wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa pè wọ́n ní ojo.

3.2 Ìlérí àti ìdọ́gba: Bìrìtéènì, 1915 sí 1916

Iye àwọn tí ó fínnúfíndọ̀ wọṣẹ́ títí di ìparí ọdún 1915 ju mílíọ̀nù 2 lọ, síbẹ̀ wọ́n ní kò tó. Ní ìgbà tí ó ṣáájú òtútù ọdún náà, Lord Derby darí ètò kan tí àwọn ọkùnrin yóò fi ṣèlérí pé bí wọ́n bá pè wọ́n, àwọn yóò wá. Olórí ìjọba, Herbert Asquith, wá ṣèlérí tirẹ̀ ní oṣù Kọkànlá: wọn kò ní pe ọkùnrin tí ó ti gbéyàwó tí ó ṣèlérí, àfi bí àwọn àpọ́n bá ti lọ tán.

Ìlérí yìí yí àríyànjiyàn padà pátápátá. Tẹ́lẹ̀, ìbéèrè ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìjọba fi ipá múni wọ iṣẹ́ ológun? Lẹ́yìn ìlérí náà, ìbéèrè di pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí olórí ilé máa lọ sójú ogun nígbà tí àpọ́n jókòó sílé? Ìwọ̀nba ènìyàn ni yóò dáhùn 'bẹ́ẹ̀ ni' sí ìbéèrè kejì yìí. Àbọ̀ ètò Lord Derby sọ pé àpọ́n tí ó lé ní 650,000 ni kò yọjú. John Simon, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, takò iye náà, ó sì fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ lórí òfin náà, ṣùgbọ́n iye náà ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Òfin Iṣẹ́ Ológun jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1916, ó sì mú àwọn àpọ́n tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 18 sí 41. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ó ti mú àwọn tí ó gbéyàwó pẹ̀lú. Ìlérí tí wọ́n ṣe fún àwọn olórí ilé ni wọ́n fi ṣí ìlẹ̀kùn. Nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣí tán, àwọn olórí ilé náà gba ibẹ̀ wọlé.

Èdè òfin náà tún jẹ́ ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtumọ̀. Òfin náà kò sọ pé wọn yóò fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Ó sọ pé láti ọjọ́ báyìí lọ, wọn yóò ka àwọn ọkùnrin náà sí ẹni tí ó ti wọ iṣẹ́ ológun. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, 'kà sí', ni ó ṣe iṣẹ́ tí ọlọ́pàá ìbá ṣe. Ẹni tí kò kúrò nílé rẹ̀ jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé ológun ni òun lójú òfin.

3.3 Ọ̀rọ̀ àdàpè: Amẹ́ríkà, 1917

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìrántí burúkú ni iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn mú wá. Nígbà ogun abẹ́lé wọn, ẹni tí ó bá lè san 300 dọ́là lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀, tálákà ni òfin náà sì mú. Rògbòdìyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní New York ní oṣù Keje ọdún 1863 nítorí rẹ̀.

Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní ọdún 1917, ìjọba Ààrẹ Woodrow Wilson mú owó ìràpadà kúrò, ó sì yí orúkọ padà. Òfin tí ó jáde ní ọjọ́ 18, oṣù Karùn-ún ọdún náà kò jẹ́ òfin ìfipámúni. 'Iṣẹ́ ìsìn tí a ṣà yàn' ni orúkọ rẹ̀. Nínú ìkéde rẹ̀, Wilson ṣàlàyé pé kì í ṣe pé àwọn ń mú ẹni tí kò fẹ́. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ lápapọ̀, àwọn kàn ń ṣa ẹni tí ó yẹ láàárín wọn ni. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àdàpè olè ni 'ọmọ ń fẹ́wọ́'. Bí gbogbo ìlú bá ti yọ̀ǹda ara rẹ̀, kò sí ẹni tí kò fẹ́ mọ́. Bí kò bá sì sí ẹni tí kò fẹ́, kò sí ipá. Àtẹ̀gùn kẹta parẹ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò parẹ́ kúrò nínú òfin, nítorí ìjìyà ń dúró de ẹni tí ó bá kọ̀.

Ìjọba kò fi mọ sí orúkọ nìkan. Àwọn ará àdúgbò, kì í ṣe ológun, ni wọ́n fi sínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣa àwọn ènìyàn. Lójú ọ̀dọ́, aládùúgbò rẹ̀ ni ó pè é, kì í ṣe ìjọba tí ó wà lọ́nà jíjìn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.8 ọkùnrin ni ó ti ipa òfin náà wọ iṣẹ́ ológun kí ogun náà tó parí.

3.4 Bí wọ́n ṣe gbé ìbéèrè kalẹ̀: Ọsirélíà, 1916 àti 1917

Ọsirélíà nìkan ni ó bi gbogbo ará ìlú léèrè ọ̀rọ̀ yìí nípasẹ̀ ìbò nínú àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta tí Ogun Àgbáyé Kìíní kàn nínú àyẹ̀wò yìí. Olórí ìjọba, Billy Hughes, gbé e lọ síwájú wọn ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá ọdún 1916. Ìbéèrè ọjọ́ náà gùn. Ó béèrè bóyá wọ́n fara mọ́ ọn kí ìjọba ní agbára ìfipámúni lórí iṣẹ́ ológun ní òkè òkun, ní àkókò ewu yìí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ní in tẹ́lẹ̀ láàárín ilẹ̀ náà. Ìbéèrè yìí ti ní ìdáhùn nínú: ó ti sọ pé ewu dé, ó sì ti sọ pé agbára náà kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn 1,087,557 dìbò 'bẹ́ẹ̀ ni', àwọn 1,160,033 sì dìbò 'bẹ́ẹ̀ kọ́'.

Hughes tún padà wá ní ọjọ́ 20, oṣù Kejìlá ọdún 1917. Ní ọjọ́ yìí, ìbéèrè ti kúrú: ǹjẹ́ wọ́n fara mọ́ àbá ìjọba láti fi kún agbára àwọn ọmọ ogun tí ó wà ní òkè òkun? Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ipá ti pòórá nínú rẹ̀. Ta ni kò ní fẹ́ kí wọ́n ran àwọn ọmọ tí ó wà lójú ogun lọ́wọ́? Síbẹ̀ àwọn 1,015,159 ni ó dìbò 'bẹ́ẹ̀ ni', àwọn 1,181,747 sì dìbò 'bẹ́ẹ̀ kọ́'. Àlàfo tí ó ya wọn fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àdàpè kò sọ ìbò náà di ti ìjọba. Àríyànjiyàn ọdún kan ti jẹ́ kí ará ìlú mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ìbéèrè kúkúrú náà.

3.5 Pípààrọ̀ ìdí: Ọ́síríà, 2013

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ òde òní wá láti Ọ́síríà, ní àárín gbùngbùn Yúróòpù. Oṣù mẹ́fà ni iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn níbẹ̀ ní ìgbà náà. Ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á láàyè láti gbé ìbọn yóò fi oṣù mẹ́sàn-án ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́, bíi gbígbé aláìsàn nínú ọkọ̀ Red Cross tàbí títọ́jú arúgbó.

Ní ọjọ́ 20, oṣù Kìíní ọdún 2013, wọ́n dìbò láti mọ̀ bóyá kí ètò náà dúró tàbí kí ológun di iṣẹ́ àwọn tí ó yàn án láàyò nìkan. Ìdá 59.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní kí ó dúró. Ọ̀kan nínú ìdí tí ó lágbára jù fún àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ kò jẹ mọ́ ogun rárá: bí iṣẹ́ ọ̀ranyàn bá kúrò, ta ni yóò máa gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn? Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe irọ́, nítorí àwọn àjọ aláàánú náà gbára lé àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí ni pé àtẹ̀gùn kìíní ti yí padà. Kì í ṣe ewu ogun ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dúró mọ́, àǹfààní tí ètò náà bí lẹ́yìn ni. Àǹfààní bẹ́ẹ̀ lè fi hàn pé àwọn arúgbó nílò olùtọ́jú. Kò fi hàn pé ìlú nílò ọmọ ogun.

3.6 Ìbẹ̀rù tí ó ní ẹ̀rí

Kì í ṣe gbogbo ìbẹ̀rù ni ẹ̀tàn. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Swídìn dá iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn dúró ní ọdún 2010, ó sì dá a padà ní ọdún 2017, fún ọkùnrin àti obìnrin. Ìdí méjì ni ìjọba sọ: ipò ààbò ní agbègbè wọn ti burú sí i, àwọn tí ó ń fínnúfíndọ̀ wọṣẹ́ kò sì tó. Ìdí méjèèjì ni ènìyàn lè yẹ̀ wò. Finland, tí ààlà rẹ̀ pẹ̀lú Rọ́ṣíà lé ní 1,300 kìlómítà, kò fi iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn sílẹ̀ rí láti ìgbà ogun àgbáyé kejì. Irú ìdí báyìí bá àtẹ̀gùn kẹta pàdé lójúkojú: ó sọ pé ìfínnúfíndọ̀ kò tó, ó sì fún olùgbọ́ láàyè láti béèrè bóyá òótọ́ ni, bóyá owó oṣù tí ó dára jù lè mú ènìyàn púpọ̀ wá.

4.0 Ẹgbẹ́ Kejì

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn tí ó takò iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn pẹ̀lú kì í fi ẹ̀rí nìkan sọ̀rọ̀. Ní Ọsirélíà, wọ́n lo ìmọ̀lára ìyá, wọ́n fi hàn bí ẹni pé obìnrin tí ó dìbò 'bẹ́ẹ̀ ni' ń dájọ́ ikú fún ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ dẹ́rù ba àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun pé bí wọ́n bá kó wọn lọ sójú ogun, aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Éṣíà ni yóò wá gba iṣẹ́ wọn. Olùkọ́ tí ó bá ka ti ìjọba nìkan sí ẹ̀tàn yóò kọ́ ọmọ ní ẹ̀gbẹ́ gbígbè, kì í ṣe ìrònú.

5.0 Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́ Ní Nàìjíríà

Nàìjíríà kò ní iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn. Èyí tí ó fara pẹ́ ẹ jù ni ètò àgùnbánirọ̀, tí ìjọba Yakubu Gowon fi Òfin Ológun 24 dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún ọdún 1973, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ìṣọ̀kan ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ẹ̀hónú hàn sí i nígbà náà. Ètò náà kì í ṣe ti ogun, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn mẹ́ta náà ni ó gùn: ìlú nílò ìṣọ̀kan, ọmọ ìlú jẹ ìlú ní gbèsè, nítorí náà ó di dandan. Nígbà tí àwọn àgùnbánirọ̀ bíi mẹ́wàá kú nínú rògbòdìyàn tí ó tẹ̀lé ìbò Ààrẹ ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, àtẹ̀gùn kẹta yìí ni àwọn òbí padà sí: ta ni ó pàṣẹ pé kí ọmọ wọn lọ síbẹ̀?

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Àwọn kan a máa sọ pé ọmọ ń 'sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀', àwọn mìíràn a ní ó ń 'sìnrú ìlú'. Gbólóhùn kìíní sọ ìlú di òbí, ó sì sọ iṣẹ́ náà di ìwà ọmọlúàbí. Gbólóhùn kejì gbé 'ẹrú' sínú, ó sì ń rántí ipá. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń pè. Ọmọ tí ó bá lè sọ ìyàtọ̀ àárín wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ bí orúkọ ṣe ń dájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè mẹ́rin lè tó láti fi yẹ ọ̀rọ̀ èyíkéyìí wò nínú kíláàsì:

(a) Orúkọ wo ni olùsọ̀rọ̀ pe nǹkan náà, orúkọ wo ni ẹgbẹ́ kejì ì bá pè é?
(b) Ìmọ̀lára wo ni ó ń fọwọ́ kàn, ẹ̀rí wo ni ó sì tẹ̀lé e?
(d) Níbo ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní 'ó yẹ' tí ó sì di 'ó gbọ́dọ̀ jẹ́ dandan'?
(e) Ta ni yóò ru ẹrù náà, ǹjẹ́ ó wà níbẹ̀ láti sọ tẹnu rẹ̀?

Ó dára kí olùkọ́ mú kí akẹ́kọ̀ọ́ kan náà kọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó sì fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn tí ó ti fo àlàfo (d). Ọ̀pọ̀ yóò rí i pé gbólóhùn náà kò sí nínú iṣẹ́ wọn rárá. Àìsí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

6.0 Ìgúnlẹ̀

Àyẹ̀wò yìí kò sọ pé iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn dára tàbí pé ó burú. Ìlú lè wà nínú ewu tí ó fi jẹ́ pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Bákan náà, yíyíni lérò padà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Láìsí i, àwùjọ kò lè pinnu ohunkóhun pọ̀. Ohun tí àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí fi hàn ni pé ìfẹ́ ìlú, ìtìjú, ìdọ́gba àti àánú lè jẹ́ òtítọ́ gbogbo, kí wọ́n má sì dáhùn ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀. Ìjọba tí ó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ òbí rẹ̀ jẹ òbí náà ní ìdáhùn sí ìbéèrè ipá ní tààrà. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ ọmọ láti máa béèrè rẹ̀ ti fún un ní ohun tí yóò wúlò fún un ju máàkì ìdánwò lọ.